Hẹlikópítà tàbí ọkọ̀ ojú omi? Bí obìnrin mẹ́sàn-án ṣe lè wo ọ̀gbun odò Zambezi

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa (ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà) ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ orí wa sì wà ní àyíká ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń dá àjọ kí a lè lọ najú lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ọ̀gbun odò Zambezi, nísàlẹ̀ ìṣàn omi Victoria, láàárín Zambia àti Zimbabwe, ni ọkàn wa lọ. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ti tó, àwọn kan ní àfi hẹlikópítà. Méjì nínú wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ń yọ ẹnì kan lẹ́nu, ẹnì kan wọn kìlógíráàmù 115, ẹyọ ẹnì kan péré ló sì mọ omi wẹ̀. Èwo ni kí a ṣe, kí sì ni kí a múra sílẹ̀? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìmúra. Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín yín ni pé ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí Zambezi kì í ṣe oríṣi kan, ibi tí wọ́n ti ń ná an kò sì pa pọ̀. Ọ̀kan wà lókè, kí omi tó já, níbi tí odò ti fẹ̀ tó sì ń rọra lọ. Èkejì, ọkọ̀ rọ́bà, wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀gbun gan-an. Ẹni tó bá rí fọ́tò àwọn èèyàn tó jókòó sórí àga, tí ife wà lọ́wọ́ wọn, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ ti òkè ló rí yẹn. Yóò rí erinmi, yóò rí ọ̀nì, bóyá erin náà tó bá sọ̀ wá mumi, yóò sì máa wo ìkùukùu omi tó ń ru sókè lọ́ọ̀ọ́kán. Kò ní fojú kan ọ̀gbun.

Nítorí náà, fún ẹgbẹ́ bíi tiyín, hẹlikópítà oní-ìṣẹ́jú 25 ni kí ẹ fi wo ọ̀gbun, kí ẹ fi ọkọ̀ ti òkè gbádùn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì fi ọkọ̀ rọ́bà inú ọ̀gbun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Níbi tí odò náà ti ń já, ó fẹ̀ tó mítà 1,708, ó sì ń já wálẹ̀ ní mítà 108. Gbogbo omi yẹn kò ní ọ̀nà àbájáde ju ẹnu kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 110 lọ. Ibẹ̀ ló gbà wọ inú ọ̀gbun kejì, ó yà, ó wọ ìkẹta, ó tún yà, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Àpáta dúdú tí wọ́n ń pè ní basalt ni ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àpáta náà ti sán láti ilẹ̀ wá, ibi tó sán sí yẹn ni odò ń jẹ wọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀gbun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ ti jẹ́ ojú ibi tí omi ti ń já rí. Ẹni tó bá dúró sílẹ̀ lè wo apá kan. Ẹni tó wà lókè nìkan ló ń rí gbogbo ìyípo yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé owó hẹlikópítà kò ṣòfò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ló kàn, òun ló sì máa ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà jù. Òjò ìhà ibẹ̀ máa ń rọ̀ láti bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ẹ ó rò pé ìgbà yẹn lodò ń kún jù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà lókè odò, ní apá Barotse ní Zambia, tó máa ń gba omi náà dúró kó tó rọra jọ̀wọ́ rẹ̀. Òjò á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kí ẹ̀kún odò tó dé: láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹrin ló sì sábà máa ń ga jù. Oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá ló ń fà jù, débi pé àpáta máa ń hàn gbangba ní ọ̀pọ̀ ibi lápá Zambia, nígbà tí apá Zimbabwe kì í dá ṣíṣàn. Nínú ọ̀gbun, ìyàtọ̀ láàárín omi ẹ̀kún àti omi ọ̀gbẹlẹ̀ lè tó mítà 20. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró sí ìsàlẹ̀ Erédò Súngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí rí, tí ẹ gbójú sókè wo òkè rẹ̀ níbi tó ga jù, omi náà lè bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba, Ìléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ní ìwọ̀nba ọdún yìí, bí ẹ bá lọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó bá omi tó ṣì pọ̀ gan-an ṣùgbọ́n tó ti ń fà. Fún hẹlikópítà, ìgbà tó dára ni: òjò kò sí, ojú ọ̀run mọ́, omi ṣì ń já kárí ògiri náà. Fún ọkọ̀ rọ́bà, kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Nígbà tí ẹ̀kún bá wà ní góńgó, wọ́n máa ń dá a dúró pátápátá. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, apá ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wà, ó sì di bí oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí ibi tí omi ti ń já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ rọ́bà náà, torí ó dájú pé ẹnì kan nínú yín yóò ṣì fẹ́ fi ṣakin. Rọ́bà líle tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ni, bí èèyàn mẹ́jọ àti atọ́nà kan ló ń gbé, kálukú pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, akoto lórí, jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó lọ́rùn. Wọ́n ti fi nọ́ńbà sí àwọn ibi tí omi ti ń hó, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà 9 le débi pé wọ́n máa ń sọ èrò kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ gba orí àpáta kọjá. Ọkọ̀ náà máa ń dojú dé, wọ́n sì ti mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sójú omi, yóò na ẹsẹ̀ síwájú síbi tí omi ń lọ, kò sì gbọdọ̀ gbìyànjú láti dìde dúró, torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín àpáta kí omi sì tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ń gbé ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ náà, àmọ́ omi tó ń hó kún fún afẹ́fẹ́, kì í gbé èèyàn ró bí omi tó pa rọ́rọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wà tí èèyàn yóò fi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá lè mú ẹ̀mí dúró láìjáyà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Omi gan-an kọ́ ló sì ń dá àgbà lágara jù, bí kò ṣe ọ̀nà àbájáde. Ọ̀gbun yẹn ń jìn sí i bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ó ń ju mítà 200 lọ níbòmíràn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì sábà ń fi gùn ún jáde nínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́yìn wàhálà omi. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ó kan hẹlikópítà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà jù: oní-ìṣẹ́jú 12 sí 13, àti oní-ìṣẹ́jú 25. Èyí kúkúrú máa ń yí po lókè ibi tí omi ti ń já lápá ọ̀tún àti lápá òsì kí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rí i, ọ̀gbun kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí gígùn ló ń tẹ̀ lé ọ̀gbun náà lọ sísàlẹ̀ kó tó padà gba òkè odò. Láti apá Zambia, àwọn kan wà tó ń sọ̀ kalẹ̀ fò láàárín ògiri ọ̀gbun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ní kedere: ṣé òkè ọ̀gbun lẹ ń gbà ni, àbí inú rẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀rù òkè, òkè ọ̀gbun ló máa rọrùn fún. Ẹ béèrè bóyá owó ọgbà ìjọba wà nínú iye tí wọ́n dá. Ó sábà máa ń jẹ́ àfikún, Ìjẹ̀bú kì í sì í fẹ́ gbọ́ àfikún nígbà tó ti mú àpò rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin mẹ́sàn-án kò ní wọ ẹyọ kan. Èrò mẹ́rin sí mẹ́fà ni irú wọn ń gbé. Wọn yóò wọn yín lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó wọlé, páílọ́ọ̀tì ni yóò sì sọ ibi tí kálukú máa jókòó. Ẹ má jà sí iwájú. Kí ìwúwo lè dọ́gba ni wọ́n ṣe ń pín in bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojúsàájú. Ìlú méjèèjì tó wà létí ibẹ̀, Livingstone ní Zambia àti Victoria Falls ní Zimbabwe, ga tó nǹkan bíi mítà 900 sí òkun, afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́lẹ́ níbi tó bá ga, ó tún ń fẹ́lẹ́ sí i bí ooru bá mú. Abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà kì í rí afẹ́fẹ́ tó láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà náà, ẹrù tó lè gbé á sì dín kù. Ooru oṣù Kẹwàá ló ń fa èyí jù, oṣù Kẹfà tutù. Síbẹ̀, kí ìyá wa tó wọn kìlógíráàmù 115 sọ òótọ́ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá owó sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀, àwọn mìíràn á ní kó fi owó kún un. Bí ẹ bá dín in kù lórí ìwé, orí òṣùwọ̀n ni àṣírí á tú, wọ́n sì lè ní kí ẹlòmíràn nínú yín dúró sílẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ gbàgbé gèlè àti ìborùn. Wọn yóò fi ohun ìgbọ́rọ̀ dé yín létí, kò sì lè jókòó dáadáa lórí gèlè. Ìborùn tó bá sì bọ́ lọ́rùn lè fò lọ bá abẹ̀bẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú: léèsì funfun máa ń tàn sára gíláàsì, àwòrán aṣọ yín ni yóò sì jáde nínú fọ́tò dípò ọ̀gbun. Iwájú, níbi tí páílọ́ọ̀tì ti lè rí yín, ni kí ẹ gbà wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti juwọ́ sí yín. Ẹ má gba ẹ̀yìn láé. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nírù kì í hàn sójú nígbà tó bá ń yí. Ẹ jẹun díẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀bà tó kún inú. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń kọ́ lójú, kó lo oògùn rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe nígbà tó bá ti jókòó.

Àkókò tí ẹ máa yàn tún ṣe pàtàkì. Ní kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ máa ń rọ̀, hẹlikópítà kì í sì í mì púpọ̀, àmọ́ òjìji ṣì ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀gbun. Bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a máa ń yàn fún oṣù Kẹfà: oòrùn ti wọnú ọ̀gbun, ooru kò tíì dá ìjì sílẹ̀. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fo oògùn òwúrọ̀ yẹn, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí oògùn wà nínú báàgì ọwọ́, má ṣe jẹ́ kó bá àpótí lọ.

Ọkọ̀ ti òkè kò ní wàhálà. Bí wákàtí méjì ló ń gbà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kì í sì í sún mọ́ ibi tí omi ti ń já. Ẹ má ti ọwọ́ bọ omi, ẹ mú aṣọ òtútù nípọn: bí oòrùn bá ti wọ̀, orí omi náà máa ń tutù, òwúrọ̀ oṣù Kẹfà sì lè lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé. Zimbabwe wà lápá kan, Zambia lápá kejì, afárá ọdún 1905 ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá sọdá lọ tí ẹ sì fẹ́ padà, fisà tó gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ nílò. Ẹ gba fisà kí ẹ tó gbéra, ẹ bá ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè méjèèjì ní Àbújá sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń gba Addis Ababa tàbí Johannesburg láti Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ jáde sùn ní Johannesburg, fisà South Africa tún wọ̀ ọ́. Káàdì ibà pọ́njú pọ́ńtọ̀ pọn dandan: abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ń gbà á láyé. Ẹni tó ti tó ọdún 60, tí kò sì gbà á rí, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ewu abẹ́rẹ́ náà pọ̀ sí i lára àgbà. Ẹ ka ìwé inṣọ́ránsì yín dáadáa; ọ̀pọ̀ ló yọ hẹlikópítà àti ọkọ̀ rọ́bà sílẹ̀. Ẹ mú dọ́là kéékèèké tó mọ́, tí kò ya.

Ẹ fi hẹlikópítà sí ọjọ́ kejì tí ẹ dé, má ṣe jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ ń padà. Bí kùrukùru tàbí ìjì bá dá a dúró, ọjọ́ á ṣì kù nílẹ̀ tí wọ́n lè sún un sí. Ẹ sì gba ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: bí ojú ọjọ́ bá dá a dúró, ṣé wọ́n á sún un ni, àbí wọ́n á dá owó padà, láàárín ọjọ́ mélòó?