Fáàfù apá òsì ń pọ́n, áńpù sì ń kùn: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Òmù-Àrán ni mo wà. Mo tú rẹdiográàmù àtijọ́ kan tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, mo fi tiransifọ́mà àti kàpásítọ̀ inú ẹ̀ ṣe áńpù sítẹ́ríò: fáàfù onígíláàsì EL84 kan lápá kan tó ń ti sípíkà, fáàfù 12AX7 kan láàárín tó ń kọ́kọ́ gbé orin sókè, fáàfù EZ81 ló ń sọ iná di DC. Ó ń kọrin o, àmọ́ ó ń kùn hùnùnùn kódà tí mo bá yí fólúùmù sílẹ̀ pátápátá, tó bá sì ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún, irin inú EL84 apá òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹyin iná. Mo ti pààrọ̀ fáàfù yẹn lẹ́ẹ̀méjì, owó ti ń tán lọ́wọ́ mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì ra fáàfù kankan mọ́ jàre. O ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì tó ṣì ń pọ́n, ìyẹn ti fi hàn pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀, nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́.

Àmọ́ kó o tó fọwọ́ kan nǹkankan, gbọ́ èyí dáadáa torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Iná inú ẹ̀ á máa lọ sí nǹkan bíi 300V DC, tó o bá sì yọ púlọ́ọ̀gì, iná yẹn ò tíì lọ o, kàpásítọ̀ ńlá ṣì gbé e pamọ́, ó lè gbé èèyàn nígbà tí NEPA ti mú iná lọ tipẹ́. Wá résítọ̀ 10k oní 5W, fi wáyà oníkílípù so ó mọ́ pọ́sítíìfù kàpásítọ̀ yẹn àti pánù, ìyẹn irin tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé, dúró tì í títí mítà á fi wálẹ̀ sábẹ́ 10V. Má fi sukurúdíráfà kàn án pọ̀ o. Kó o wá jo résítọ̀ 220k oní 2W mọ́ kàpásítọ̀ yẹn títí láé, òun lá máa fa iná yẹn wálẹ̀ fún ẹ. Tó o bá ń wọn nǹkan tí iná wà nínú ẹ̀, fi kílípù mú wáyà dúdú mítà mọ́ pánù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó o lò, kí èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ó yá. Wọn ẹsẹ̀ 3 EL84 lápá méjèèjì, ìyẹn káthódì. Tó bá jẹ́ résítọ̀ 130 ohm ló wà níbẹ̀, bíi 7V ló yẹ kó o rí, apá ọ̀tún tí kò pọ́n á sì jẹ́rìí sí i. Tó o bá bá òdo lápá òsì, kàpásítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ résítọ̀ yẹn ti ṣọ́ọ̀tì. Tó bá jẹ́ 11 tàbí 12V lo rí, wo ẹsẹ̀ 2, ibi tí orin ń gbà wọ inú fáàfù. Kò yẹ kí DC wà níbẹ̀ rárá. Tí 3V tàbí 4V bá wà níbẹ̀, pa iná, jẹ́ kó tutù, yọ EL84 yẹn, tan án padà kó o tún wọn ihò ẹsẹ̀ 2: tí DC yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, kàpásítọ̀ tó ń gbé orin wá láti 12AX7 ló ń jò. Ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí orin kọjá kó sì dá DC dúró, àmọ́ onípépà àtijọ́ yẹn, bó ṣe ń gbóná ló ń jò sí i, ìdí tó fi ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn, 12W sì ni irin inú EL84 lè gbà, ìwọ ti ń fún un ní ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé irú ẹ̀ wá bá mi rí ní Ìlọrin níbí láti Ọ̀fà. Mo dojú pánù dé, mo rí i tí ìda ara kàpásítọ̀ yẹn ti yọ́ ṣàn bí àbẹ́là, ó ti gbẹ mọ́ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù. Fáàfù mẹ́ta lẹni tó ni ín ti rà kó tó gbé e wá, ó dùn mí fún un. Ra tuntun tí iye ẹ̀ bá tàtijọ́ mu, tí wọ́n kọ 400V tàbí 630V sí lára, kó o pààrọ̀ tọ̀tún náà torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Kíkùn yẹn ńkọ́? Tún òsì ṣe ná, torí EL84 tó ń jẹ iná jù máa ń dá kún un. Tó bá ṣì ń kùn, yọ 12AX7. Tí kò bá dákẹ́, kàpásítọ̀ ńlá rẹdiográàmù yẹn ló ti gbẹ, fi 47µF 450V rọ́pò ẹ̀, má sì rò pé títóbi ló dáa o, EZ81 ò gbà ju 50µF lọ níbi kàpásítọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Tó bá dákẹ́, wo wáyà 6.3V tó ń mú inú fáàfù gbóná: lọ́ méjèèjì mọ́ra bí okùn, gbé wọn jìnnà sí wáyà orin, tí tiransifọ́mà ẹ ò bá sì ní wáyà àárín fún un, fi résítọ̀ 100 ohm méjì so ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pánù.

Lẹ́yìn àtúnṣe, gbé gílóòbù 100W sójú ọ̀nà iná, kí iná gba inú ẹ̀ kó tó dé áńpù, kó o tó tan án, gílóòbù àtijọ́ ni o, kì í ṣe LED. Tó bá mọ́lẹ̀ gbòò tí kò wálẹ̀, ṣọ́ọ̀tì ṣì wà níbì kan, tètè pa á. Má sì tan án láìsí sípíkà lẹ́nu ẹ̀, tiransifọ́mà sípíkà lè jóná. Tó o bá ti wọn ẹsẹ̀ 2 àti 3 lápá méjèèjì, kọ iye tó o rí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò abẹ́ pánù yẹn, mà á bá ẹ wò ó.