Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kíkọ́ Bí A Ti Ń Gun Ẹṣin Eré Ìje

Ọ̀rọ̀ ẹṣin eré ìje ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tí ó wá láti Òṣogbo lóṣù yìí, nítorí náà òun nìkan ni a óò fi ojú ewé yìí dáhùn.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Òkè-Fìà ni à ń gbé. Àbúrò bàbá mi ní Ìlọrin ní ẹṣin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ti ń gùn ún nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Mo fẹ́ di jọ́kì, ìyẹn àwọn tó ń gun ẹṣin díje. Ìṣòro mi ni pé bí ẹṣin náà bá ti gbéra eré, kì í gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo ṣe ń fa ìjánu tó ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣé agbára apá mi ni kò tó?

Agbára apá rẹ tó, àní ó ṣeé ṣe kí ó ti pọ̀ jù fún ohun tí o ń lò ó fún. Ẹṣin eré ìje tó ti dàgbà a máa wọn nǹkan bí 450 sí 500 kílò, ó sì lè sá tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi agbára dá irú ẹranko bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí o bá fa ìjánu tí o kò sì dẹ̀ ẹ́, irin ẹnu ẹṣin náà di ohun tí ó lè fi ara tì. Yóò ki ọrùn síwájú, ìwọ yóò sì di ẹni tí ń bá a gbé orí rẹ̀ dání bí ó ti ń sáré lọ. Bí ẹnu bá sì ti ń ro ó, sísá ni ẹṣin máa ń sá fún ìrora, kì í dúró dè é.

Nítorí náà, fífà àti dídẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́. Fa okùn ìjánu ní ìwọ̀nba, kí o sì dẹ̀ ẹ́ ní kété tí ẹṣin bá ti gbà fún ọ, kódà bí ohun tí ó gbà kò ju pé ó dín ìṣísẹ̀ kan kù; lẹ́yìn náà, tún fà á. Dídẹ̀ yẹn ni ẹṣin fi ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe ni o fẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ bí a ti ń fa ìjánu, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dẹ̀ ẹ́ kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí àwọn jọ́kì ń lò fún ẹṣin alágídí. Wọn a mú okùn ìjánu ọ̀tún àti ti òsì lé ara wọn, wọn a di méjèèjì pọ̀ mú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ibi tí wọ́n ti lé ara wọn yóò fi dábùú ọrùn ẹṣin bí afárá, wọn a sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọrùn náà níwájú gàárì. Bí ẹṣin bá fa orí síwájú báyìí, ọrùn ara rẹ̀ ni ó ń fà, kì í ṣe èjìká ẹni tó gùn ún. Bí èyí náà kò bá ràn án, tí àyè sì gbà, darí rẹ̀ kí ó máa yí òbìrìkìtì ńlá, kí o sì máa dín òbìrìkìtì náà kù díẹ̀díẹ̀. Má ṣe yí i lójijì, nítorí ẹṣin tó wà lórí eré lè yọ̀, kí ó sì ṣubú lé ọ.

Ṣùgbọ́n mo fura pé ìjókòó rẹ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Jọ́kì kì í jókòó sórí gàárì nígbà tí ẹṣin bá ń sáré. Wọ́n máa ń ká lìkáfà, ìyẹn irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, sókè gan-an, orúnkún á ká, ìdí á kúrò lórí gàárì, ẹ̀yìn á sì tẹ́ lọ sí ìhà ọrùn ẹṣin. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Tod Sloan ló sọ ìjókòó yìí di mímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọ̀rúndún 19; wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹlẹ́yà, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í borí wọn ni ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ láti Royal Veterinary College, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé àǹfààní rẹ̀: bí ẹsẹ̀ jọ́kì ti ń ká tí ó sì ń nà, ara rẹ̀ kì í bá ti ẹṣin fì síwá sẹ́yìn, nítorí náà ẹṣin ń ru ìwúwo rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní láti máa tì í síwájú ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá gun ẹṣin tí a kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tí a gùn yóò ju tirẹ̀. Lórí pápá eré ìje, ẹṣin nìkan ni a gbà láyè láti jù ú. Orí jọ́kì tó mọṣẹ́ kì í mì.

Bí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ kò bá lágbára láti gbé ọ dúró báyìí, ìjánu ni ìwọ yóò máa dì mú kí o má baà ṣubú, ẹṣin yóò sì rò pé àṣẹ ni o ń pa. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́kọ́ gbé akẹ́kọ̀ọ́ gun ẹṣin ẹ̀rọ tí kì í sáré lọ sí ibìkan. Ìwọ tí kò ní irú rẹ̀, máa bẹ̀rẹ̀ nílé pẹ̀lú orúnkún kíká àti ẹ̀yìn títẹ́, kí o dúró bẹ́ẹ̀ títí itan rẹ yóò fi máa gbọ̀n, kí o sì máa fi kún àkókò náà lójoojúmọ́. So ìgbànú awọ kan mọ́ ọrùn ẹṣin náà pẹ̀lú. Òun ni kí o dì mú nígbà tí ara rẹ bá fẹ́ yẹ̀, kí o fi ẹnu ẹranko náà sílẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọ lára, kọ́ bí a ti ń díwọ̀n eré. Fi igi méjì sàmì sí 200 mítà, kí o máa ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ọkàn rẹ láti igi kan dé èkejì. Eré ìdánrawò tó dára sábà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Nínú ìdíje, ó lè wá sí 12. Ẹni tó bá lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì láìwo aago ni àwọn tó ni ẹṣin ń wá kiri. Má gun ẹṣin náà láìdé akoto, má sì dán ìkankan nínú ohun tí mo kọ yìí wò nígbà tí àbúrò bàbá rẹ kò bá sí nítòsí.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 15, ti kọ oúnjẹ alẹ́ nítorí ó gbọ́ pé jọ́kì gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá ọmọ, Òkè-Baálẹ̀.

Ìyá wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ yín kò gbọ́ ọ tán. Nínú ìdíje Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà, ìwúwo tí a gbà kí akọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan rù jẹ́ pọ́ùn 126, èyí tí í ṣe nǹkan bí 57 kílò, gàárì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdíje ni ti wọn kéré sí èyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a wọn jọ́kì pẹ̀lú gàárì rẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹṣin náà, òjé ni wọn yóò kó sí abẹ́ gàárì títí yóò fi pé. Ọmọ tó fi ebi pa ara rẹ̀ kọjá ìwọ̀n kò jèrè nǹkan kan, òjé lásán ni yóò gba àyè tí ẹ̀bà fi sílẹ̀.

Ewu tí ẹ ń bẹ̀rù kì í ṣe àsọdùn. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn jọ́kì ti ń jókòó sínú yàrá gbígbóná láti fi làágùn kí wọ́n lè fúyẹ́, tí omi ara wọn yóò tán, tí òòyì yóò sì máa kọ́ wọn lórí ẹṣin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2021 ni wọ́n fi òpin sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní àwọn pápá eré ìje. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí ẹ dín ohun mímu aládùn kù, kí ó sì máa jẹun lálẹ́. Ọmọ ọdún 15 ṣì ń ga. Bí egungun rẹ̀ bá gbé e kọjá ìwọ̀n jọ́kì lọ́la, àwọn tó ń gun ẹṣin fún ìdánrawò láàárọ̀ lè wúwo díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ olùkọ́ ẹṣin kò sì ní ìwọ̀n rárá.

Ṣé obìnrin lè ṣe iṣẹ́ yìí? Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ayétòrò.

Ó lè ṣe é, ọmọ wa. Ọkùnrin àti obìnrin ń díje pọ̀ lórí pápá kan náà. Jọ́kì obìnrin kan, Julie Krone, gba ìdíje Belmont Stakes ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. Rachael Blackmore sì gba ìdíje Grand National ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2021, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá ní Sábó. Ibo ni a ti lè kọ́ iṣẹ́ jọ́kì?

Ẹ kò lè kọ́ ọ ní Òṣogbo. Igbó tó yí wa ká kò fi ìgbà kan rọ ẹṣin lọ́rùn, nítorí eṣinṣin tsetse tí í fi àìsàn pa wọ́n. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tó wá ja ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1840 pàápàá, ibí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun wọn. Pápá eré ẹṣin Èkó, tí ó jẹ́ àgbà wọn ní apá ìhín, ni wọ́n sì ti sọ di Tafawa Balewa Square láti àwọn ọdún 1970.

Ibi tó sún mọ́ yín jù tí ẹ ti lè fọwọ́ kan ẹṣin tó ń sáré gidi ni àwọn ẹgbẹ́ pólò, bí irú èyí tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́ olùtọ́jú ẹṣin, kì í ṣe fún gígùn ún. Ní òkèèrè, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn jọ́kì Gúúsù Áfíríkà wà ní Summerveld lẹ́bàá Durban, ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Racing School wà ní Newmarket, National Horseracing College sì wà ní Doncaster. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ kọ̀wé sí tààrà nípa ọjọ́ orí, ìwúwo àti ìwé ìrìnnà, kí ẹ má sì fi kọ́bọ̀ kan lé agbódegbà lọ́wọ́.

Ibi yòówù kí ẹ dé, gbígbá ìgbẹ́ ẹṣin ní ìdájí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń wọlé tọ ẹṣin, ẹ fọhùn kí ó lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ òsì, ẹ má sì gba ẹ̀yìn, nítorí kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi dá yín lóhùn.