Ẹ Bi Bàbá Fídíò: Ọmọ Mi Ní Òun Fẹ́ Di Olùdarí

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Fídíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́hìndé ọmọ mi ń fi fóònù ṣe eré apanilẹ́rìn-ín ní Kubwa níbí. Ó ní eré ṣíṣe nìkan ti sú òun, òun fẹ́ máa darí rẹ̀. Bí mo bá ní kó wá iṣẹ́ ìjọba, á ní ṣé mo gbọ́ nípa Buster Keaton rí. Ta ni onítọ̀hún, báwo ló sì ṣe parí? (Ìyá Ìbejì, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọdún 17 ni mo fi ta kásẹ́ẹ̀tì ní ọjà Wuse, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí léèrè Keaton rí. Ọmọ yín lójú.

Òṣèré apanilẹ́rìn-ín àti olùdarí fíìmù ni Keaton, Kansas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1895. Orí ìtàgé ni bàbá rẹ̀ ti máa ń gbé e jù bí àpò gààrí káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló ti mọ bí a ṣe ń ṣubú. Ó wọ fíìmù ní 1917 lọ́dọ̀ Roscoe Arbuckle, apanilẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi yá kámẹ́rà lọ sílé, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà. Nígbà tó fi di 1920, òun àti olùdarí kan, Eddie Cline, ti jọ ń darí fíìmù.

Ẹ wo fíìmù rẹ̀, Steamboat Bill, Jr. ti 1928. (Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sára rẹ̀ bí olùdarí, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.) Ìjì ń jà, Keaton dúró níwájú ilé kan. Odindi iwájú ilé náà, bíi tọ́ọ̀nù méjì, wó bọ̀ wá bá a. Fèrèsé òkè ló gbà á kọjá. Ínṣì mélòó kan ló kù kó gbá a léjìká. Kò mira. Mo fi han bíríkìlà kan ládùúgbò wa, ó ní oògùn ni. Mo ní tépù ìwọ̀n ni.

Ọdún yẹn náà ló lọ bá ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan, MGM. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọtí bá a níbẹ̀, wọ́n lé e ní 1933. Òun fúnra rẹ̀ pe lílọ tó lọ bá MGM ní àṣìṣe tó burú jù láyé òun. Wọ́n tún padà yẹ́ ẹ sí, ó gba Oscar àyẹ́sí ní 1960.

Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa darí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn wá láti Èkó, kó gbé e wá fún mi kà kó tó fọwọ́ sí i. Dutse Alhaji ni mò ń gbé, kò jìnnà sí yín.