Ṣé Abẹ́rẹ́ TGF-β Lè Wo Oríkèé Àgbọ̀n Sàn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Oríkèé àgbọ̀n mi máa ń ró gbàù tí mo bá ya ẹnu, dókítà sì sọ pé àrọmọléegun ló ń jẹ eegun rírọ̀ tó wà níbẹ̀. Mo kà á pé èròjà kan tó ń jẹ́ TGF-β máa ń mú eegun rírọ̀ dàgbà. Kí ló dé tí wọn kò fi gún mi ní abẹ́rẹ́ rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ fi ìka lé iwájú etí yín, kí ẹ sì rọra ya ẹnu: orí eegun àgbọ̀n lẹ ó mọ̀ lábẹ́ ìka yín, bó ṣe ń yí tó sì ń yọ̀ síwájú. Eegun rírọ̀ tó bò ó kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tó fi ṣòro fún un láti tún ara rẹ̀ ṣe tó bá ti jẹ.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Nínú eegun rírọ̀ gan-an, TGF-β ń ṣe ara lóore, nítorí nígbà tí àwọn olùwádìí dí ọ̀nà rẹ̀ lára eku, eegun rírọ̀ inú oríkèé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Inú eegun líle tó wà nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibẹ̀ ni ara ń tọ́jú TGF-β pa mọ́ sí, títí dìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun tó ti gbó yóò tú u sílẹ̀, kó lè pe àwọn tó ń mọ eegun tuntun wá síbi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Tí jíjẹ yìí bá pọ̀ jù, TGF-β yóò tú jáde kọjá ààlà, eegun tuntun yóò hù wúruwùru síbi tí kò yẹ, eegun rírọ̀ tó gbára lé e yóò sì máa fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2018, ìwádìí kan fi èyí hàn nínú oríkèé àgbọ̀n: àwọn eku tí TGF-β ṣiṣẹ́ jù nínú eegun wọn ní àrọmọléegun, dídí ọ̀nà rẹ̀ sì dín ìbàjẹ́ náà kù.

Nítorí náà ni n kò fi lè gbà yín níyànjú abẹ́rẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n gún un sí orúnkún eku, eegun hù sí etí oríkèé náà, awọ inú rẹ̀ sì yi bí àpá. Kò tíì sí èyí tí a fọwọ́ sí fún oríkèé àgbọ̀n. Ó dùn mí láti kọ èyí sí ẹni tó ń jẹ̀rora, síbẹ̀ ohun tí dókítà lè ṣe kò kéré: ike tí wọ́n ń fi bo eyín lálẹ́, ìdárayá àgbọ̀n, oògùn ara ríro, tàbí fífi omi fọ inú oríkèé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti gbọ́ tí ẹ ń payín keke lójú oorun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, nítorí ẹrù tó ń tẹ eegun náà lóru nìyẹn.