Ológbò ń kó òròmọdìyẹ mi: ṣé kí n fọ́n káńfọ̀ ni, àbí kí n fi oògùn eku sínú ẹja?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ológbò kan tí a kò mọ ẹni tó ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ojúlé wọn. Òròmọdìyẹ márùn-ún ti lọ, mo sì tún bá agbébọ̀ kan ní òkú láàárọ̀ àná lẹ́bàá wáyà, kò ní orí mọ́. Ẹnì kan ní kí n fọ́n káńfọ̀ yí ilé adìyẹ ká, ẹlòmíì ní kí n fi oògùn eku sínú ẹja kí n jù ú sílẹ̀ fún wọn. Èwo ló yá jù, ẹ jọ̀ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi àwa dókítà ẹran ní ìbéèrè yìí, ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn sì ń gbà kiri burú débi pé ó ń dunni.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò dájú pé ológbò ló pa agbébọ̀ yẹn. Adìyẹ tó ti tó kílò kan ààbọ̀ sí méjì kì í ṣe ẹran tí ológbò ń dédé kojú. Ohun tó ń wá ni òròmọdìyẹ, adìyẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, àti irú adìyẹ kúkúrú tí kì í tóbi. Bí adìyẹ àgbà bá ń ṣàìsàn, tàbí tó ń sàba nílẹ̀ gbalasa, ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Àmọ́ òkú tí ẹ bá lẹ́bàá wáyà láìní orí, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé adìyẹ náà sùn ti wáyà, ẹranko kan na ọwọ́ wọlé láti ìta, ó fa orí rẹ̀ jáde, ó sì gé e. Ara tó kù kò gba ojú wáyà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi wà níbẹ̀ di àárọ̀. Ẹni yòówù kó ṣe é, wáyà yín ló fún un láyè.

Ti àwọn òròmọdìyẹ, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbá a. Èyí tó bá pòórá lọ́sàn-án gangan láìsí ẹ̀jẹ̀, ẹ fura sí àṣá. Eku máa ń wọ́ tirẹ̀ lọ sínú ihò, ẹ ó sì rí ihò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ejò máa ń gbé e mì lódindi. Èyí tó bá gbìyànjú tí kò gbé mì, á fi sílẹ̀ pẹ̀lú orí àti ọrùn tó tutù. Bí ọ̀pọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fà ya tí wọn ò sì jẹ wọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ ajá. Ológbò ní tirẹ̀ máa ń mú ẹyọ kan lọ, á ku ìyẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, á sì tún padà wá.

Ó wá ku káńfọ̀. Naphthalene ni kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọta funfun tí à ń fi sáàárín aṣọ. Inú àpótí tí a pa dé ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ibẹ̀ kó tó lé kòkòrò. Ní gbangba, atẹ́gùn á gbé òórùn náà lọ, ológbò á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọta náà ṣì wà nílẹ̀ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun funfun róbótó tí adìyẹ kì í ṣá lẹ́nu wò. Ọmọdé á rò pé súìtì ni. Ọmọ tí èròjà ara tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀, bó bá gbé ẹyọ kan péré mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́: ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé ọmọ àwọn wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fọ́n ọn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ṣà á kúrò lónìí.

Oògùn eku tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja tí ẹ ń sọ yẹn, adìyẹ gan-an ń jẹ ẹ́, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀pọ̀ irú oògùn yìí kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni, ẹran náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú fún ọjọ́ mélòó kan, á máa rìn kiri, á sì lè lọ kú sínú àjà ẹlòmíì. Ajá tó bá jẹ òkú rẹ̀ lè gba tirẹ̀ níbẹ̀. Adìyẹ tó bá jẹ májèlé náà tí kò kú lè yé e sínú ẹyin tí ẹ máa fún ọmọ yín jẹ. Níbi púpọ̀, ẹni tó bá fi májèlé pa ẹran onílé kejì lè dé iwájú adájọ́.

Ká tilẹ̀ ní ológbò náà kú. Oúnjẹ adìyẹ tó dà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, eku tó ń wá jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, ihò tí ológbò ń gbà wọlé náà wà níbẹ̀. Òmíràn á gba ipò rẹ̀, eku á sì ti pọ̀ sí i kó tó dé.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé adìyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí.

Wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà, tí gbogbo èèyàn ń rà, adìyẹ ló lè dá dúró sínú. Ajá lè fà á ya, eku á sì gba ojú rẹ̀ wọlé. Wáyà tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 12 tàbí 13 lọ, ni kí ẹ lò. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ fi ṣe sẹ̀ǹtímítà 60 ìsàlẹ̀ yíká, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń wọlé. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí wáyà náà mọ́ òpó kí ẹ tó kàn án; bí ẹ bá kan ìṣó lásán, wáyà á máa yọ lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún tẹ́ wáyà fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ síhà ìta, kí ẹ so ó mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹranko máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí ògiri gan-an ni, bó bá ti kan wáyà á ṣíwọ́.

Òkè ló ń dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọgbà tó ga ní mítà 1.8, ológbò lè gùn ún. Ẹ bo orí rẹ̀ pátá, wáyà tàbí nẹ́ẹ̀tì líle tí a fà le dáadáa, kó má baà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ débi tí òròmọdìyẹ wà.

Ibi tí òròmọdìyẹ ń sùn, ẹ fi pákó tàbí páànù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, torí wọ́n máa ń kó jọ sí igun lóru, ẹsẹ̀ tàbí ìyẹ́ wọn á sì yọ síta. Ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún wọn lókè o. Kí wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi tó ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ má sì ṣí i kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, torí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ológbò ń ṣọdẹ jù. Adìyẹ kì í jẹun lókùnkùn, nítorí náà ẹ kó oúnjẹ tó ṣẹ́kù kúrò nílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ dà á sínú garawa irin tó ní ìdérí. Òkú adìyẹ àti ìfun, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa kí ẹ tó sin wọ́n.

Ata gbígbẹ tí àwọn kan ń fọ́n kì í ta adìyẹ, ó lè ta ológbò díẹ̀, àmọ́ òjò kan á fọ̀ ọ́ lọ. Omi dára ju ìyẹn lọ: ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀ ń lé wọn gan-an.

Bí ẹ bá fi pańpẹ́ alágò mú ọ̀kan, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran tàbí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ládùúgbò yín, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó má baà bí sí i. Bó bá gé yín jẹ tàbí fi èékánná ya yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àrùn dìgbòlugi. Èyí tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò àyẹ̀wò. Bí adìyẹ tàbí ajá yín bá ti jẹ nínú ẹja tí a fi oògùn eku sí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran pẹ̀lú páálí oògùn náà. Fítámìn K ń ṣiṣẹ́ fún irú tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò sì ṣiṣẹ́ fún irú mìíràn.