Ohùn Ohùn Jákọ́bù, Fọ́tò Fọ́tò Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

LẸ́TÀ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin kan pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde nípa aṣọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀ sí Ojúde Ọba. Láti orí aṣọ, ọ̀rọ̀ di ti alaalẹ́. Ìgbà tó ní kí n fi fọ́tò mi ránṣẹ́, ẹ̀rù bà mí: mo dúdú, mo sanra, àpá irorẹ́ sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Fọ́tò ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni mo fi ránṣẹ́, láìjẹ́ kó mọ̀. Ọkùnrin náà ti fi ₦40,000 ránṣẹ́ pé kí n fi ra aṣọ tí n óò wọ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ibẹ̀ ló ti fẹ́ fojú kàn mí. Mo ti sọ fún ọmọ náà báyìí, ó sì gbà láti lọ dípò mi. Yóò ki wáyà fóònù sétí, èmi yóò máa sọ ohun tí yóò wí. Mo ti rí i nínú fíìmù, ó sì máa ń dùn níkẹyìn. Ṣé kí n ṣe é? — Aránṣọ, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ṣe é. Kò ní pẹ́ wákàtí kan tí yóò fi tú.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti wáyà etí kúrò nílẹ̀. Ìwọ náà mọ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń jó lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ìlù ń dún, fèrè ń dún, àwọn ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ tìbọn-tìbọn. Èèyàn rẹpẹtẹ ń fi fídíò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ní aago méjì lè dé etí ọmọ yẹn lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti béèrè nǹkan mìíràn. Kó tilẹ̀ dé pàápàá, ohùn ta ni yóò fi sọ ọ́? Nígbà tí Jákọ́bù lọ tan bàbá rẹ̀, ojú Ísákì ti ṣú, awọ ewúrẹ́ tó fi bo ọwọ́ ló gbà á sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ kó tú u fó. Ọkùnrin tìrẹ ríran kedere, ohùn sì ni gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ láti oṣù márùn-ún. "Ẹ káàsán, sà" lásán ti tó. Ta ni wọ́n gbé àsáró fún n'Íjẹ̀bú pé ìkókorẹ́ ni, tí kò ní gbé ṣíbí dúró?

Ó wá ku fíìmù tí o gbójú lé. Èèyàn mẹ́ta ni irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń dúró lé: ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹni tó ní ẹwà, àti ẹni tí wọ́n ń tàn. Àwa tí à ń wò ó la ṣe ìkẹrin. A ti mọ àṣírí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí tí a fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń tàn kò sí lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé eré ló sì ń ṣọ́ irọ́ náà kó má baà bàjẹ́: bí ẹnì kan bá ti fẹ́ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí yóò tú u, ìlẹ̀kùn á kàn tàbí ajá á gbó. Wo ẹni tí wọ́n ní kò lẹ́wà náà dáadáa. Òṣèré arẹwà ni, wọ́n kàn fi awò sí i lójú, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó tóbi jù. Nítorí náà, nígbà tí àṣírí bá tú, ó rọrùn fún ọkùnrin náà láti dárí jì í láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Fíìmù ti fẹ́ parí.

Ipa eré orí ìtàgé kan ni púpọ̀ nínú wọn ń tọ̀: Cyrano de Bergerac, tí Edmond Rostand kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Paris ní oṣù Kejìlá 1897. Jagunjagun kan tí imú rẹ̀ tóbi ń bá ọmọkùnrin arẹwà kan kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Roxane, tí òun fúnra rẹ̀ ń kú fún. Roxanne, fíìmù Amẹ́ríkà ti ọdún 1987, ló fi ìfẹ́ àti ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀ náà. Ti Rostand kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 15 lẹ́yìn tí arẹwà ti kú sójú ogun ni Roxane tó mọ ẹni tó ni lẹ́tà, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni onímú ńlá ń kú lọ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti arẹwà yẹn. Roxane sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé bó burẹ́wà, òun yóò ṣì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Inú yẹ kó dùn, àbí? Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n fẹ́.

Ibi tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ wà nìyẹn. O ní ó gbà. Ìwọ lọ̀gá rẹ̀, ìwọ ni yóò ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un. Báwo ni yóò ṣe ní òun ò gbà? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ fún un pé kò ní lọ, tọrọ àforíjì lórí fọ́tò rẹ̀ tí o lò, kí o sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, pe ọkùnrin náà. Pè é, má kọ ọ́. Ohun tí o bá kọ, ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohùn rẹ sì ni ohun kan ṣoṣo tí kò tíì parọ́ fún un. Jẹ́ kó jẹ́ alẹ́ tó ti délé tó ti jẹun, kó má jẹ́ orí mọ́tò, kó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí Iléyá tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe pàtàkì. Ó ṣeé ṣe kó ti fi fọ́tò yẹn han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ pàápàá. Tó bá tú lójú agbo, ìtìjú níwájú regbẹ́regbẹ́ ni yóò gbé lọ sílé, ìyẹn ni kò sì ní dárí ẹ̀ jì ọ́, kì í ṣe àpá irorẹ́.

Ohun tí o máa sọ kò ju báyìí lọ: "Èmi tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni mo ni ohùn yìí, gbogbo ohun tí mo sọ fún yín nípa iṣẹ́ mi àti ilé wa, òótọ́ ni. Fọ́tò yẹn kì í ṣe tèmi. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni, kò sì mọ̀ nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Ojú bí mo ṣe rí ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kí o wá dákẹ́. Má béèrè bóyá ó ṣì fẹ́ràn rẹ, má sọkún sí i létí. Bí o bá sọkún, òun ni yóò tún máa bẹ̀ ọ́, ìwọ sì lo ṣẹ̀.

Kó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ₦40,000 rẹ̀ ti padà sí àpò rẹ̀, láìyọ kọ́bọ̀. Bí o bá ti ra aṣọ, tìrẹ ni aṣọ, wá owó náà níbòmíràn. Fọ́tò ẹlòmíràn pẹ̀lú owó tí kò padà, gbájúẹ̀ ni wọ́n ń pè é, bó ti wù kí ìfẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó.

Ní alẹ́ kan náà, fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́: ojú nìkan, ìdúró láti orí dé ẹsẹ̀, àti ìgbà tí o jókòó ti maṣíìnì. Yà wọ́n sílẹ̀ ṣáájú. Má na ọwọ́ ya ara rẹ. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ ní 2018: bí kámẹ́rà bá wà ní ínṣì 12 sí ojú, imú máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe ń rí láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kámẹ́rà ló fa díẹ̀ nínú ohun tí o kórìíra nínú fọ́tò rẹ. Jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà, kó gbé fóònù sí ìwọ̀n ojú rẹ, kí o kọjú sí fèrèsé láàárọ̀. Má lo fíítà, nítorí irọ́ kejì nìyẹn. Má sì tìtorí Iléyá ra kírímù àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mẹ́kúrì tó máa ń wà nínú irú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, wà ní Ṣàgámù ńbẹ̀, lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ han dókítà.

Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè dákẹ́ lọ pátápátá. Má rán ẹnikẹ́ni sí i. Tó bá ní kí o fún òun ní nọ́ńbà ọmọ tó wà nínú fọ́tò, má fún un, o ti mọ ohun tó ń wá. Tó bá sì ní òun ṣì fẹ́ rí ọ, kó má jẹ́ Ojúde Ọba. Ọjọ́ lásán ni kó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, lọ́sàn-án gangan, fún wákàtí kan, nígbà tí àwọn oníbàárà ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Kó fi ojú ara rẹ̀ wò ọ́, kó pinnu. Láti oṣù márùn-ún, ìwọ lò ń bá a pinnu.

Aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Rán an parí, fi téèpù wọn ọrùn àti apá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì gbé e fún dẹ́rẹ́bà lọ́jọ́ tí o dá fún un. Ó ti sanwó ìránṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.