Inṣọ́ránsì ní mo lè ṣe iṣẹ́ míì, wọ́n fẹ́ gé owó mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Sydney ní Ọsirélíà ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo ti ń gbé bàbá kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀yìn mi ti farapa. Inṣọ́ránsì àwọn tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ń sanwó fún mi látìgbà yẹn o, mi ò ní purọ́. Àfi bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà sí mi pé mo ti lè ṣe iṣẹ́ kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà báyìí, pé tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta sí i àwọn máa gé owó mi kù. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń sọ? Mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó sú mi, kò sẹ́ni tó gbà mí! Dókítà eyín kan ní kí n wá máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà òun fún wákàtí 16 lọ́sẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá gbà wọ́n á ní ara mi ti yá. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Sydney.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrora, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín nínú. Ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbà yín síṣẹ́ yẹn, ẹ má gbára lé e o. Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ní New South Wales, ìpínlẹ̀ tí Sydney wà, ní 2012, tí wọ́n bá ń wò ó bóyá iṣẹ́ kan bá yín mu, wọn kì í wò ó bóyá ààyè iṣẹ́ ọ̀hún wà nílẹ̀, wọn kì í wo àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń ṣe tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó farapa, wọn ò kà á sí. Lójú tèmi ìyẹn ò dáa rárá, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò ni ohun tí dókítà kọ nípa ara yín, ọjọ́ orí yín, ìwé tẹ́ ẹ kà, àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá wọn fà á. Ẹ mú Certificate of Capacity tí dókítà fún yín kẹ́yìn jáde, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìjókòó sí, ìdúró, gbígbé ẹrù, ìbẹ̀rẹ̀, wíwa mọ́tò. Àwọn dókítà míì máa ń kánjú, wọ́n á kọ iye wákàtí àti iye ọjọ́, wọ́n á wá fi ibi ìjókòó sílẹ̀ lófìfo, inṣọ́ránsì á sì rí àyè wọlé. Tó bá jẹ́ ogún mínítì pére lẹ lè jókòó kẹ́ ẹ tó dìde na ẹ̀yìn, ogún mínítì yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé! Ẹ tún gba ìròyìn tí inṣọ́ránsì fi gbe iṣẹ́ yẹn lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e fún dókítà kó kà á, kó wá kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tẹ́ ẹ lè ṣe níbẹ̀ àtèyí tẹ́ ẹ ò lè ṣe. Kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà kọ́ ni wọ́n ti ń dìde rìn nígbà tó bá wù wọ́n.

Iṣẹ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ẹjọ́ kan wáyé ní 2014 lórí ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Wollongong, ẹni tó dá ẹjọ́ náà gbà pé kò dìgbà tí ààyè iṣẹ́ bá ṣí, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ àtọwọ́dá tí kò sí níbì kankan ò lè jẹ́ iṣẹ́ tó bá èèyàn mu.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ẹ má sùn lé e. Ẹ ní kí inṣọ́ránsì tún ìpinnu náà yẹ̀ wò kí ọjọ́ yẹn tó pé, torí tẹ́ ẹ bá tètè béèrè wọn ò ní lè gé owó náà títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọjọ́ 14 ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Tí wọn ò bá yí i padà, ó di Personal Injury Commission, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ àwọn tó farapa. Owó lọ́yà ò sì yẹ kó dẹ́rù bà yín, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní IRO (Independent Review Office), àwọn ló ń san owó lọ́yà fún ẹni tó farapa, tí lọ́yà yẹn bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ó wá ku iṣẹ́ dókítà eyín. Ẹ gbà á jàre, tí dókítà yín bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní $1,200 lẹ ń gbà lọ́sẹ̀ kẹ́ ẹ tó farapa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 13 àkọ́kọ́ títí dé ọ̀sẹ̀ 130, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ṣírò tiẹ̀, ìyẹn $1,140. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìdá 80 ni, $960. Wọ́n á wá yọ owó tẹ́ ẹ ń gbà níbi iṣẹ́ kúrò, tàbí owó tí wọ́n ní ẹ lè gbà níbi iṣẹ́ tó bá yín mu, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa yọ. Tí wọ́n bá ní ẹ lè gba $700 tẹ́ ẹ sì jókòó sílé, $260 péré ló kù. Tẹ́ ẹ bá ń gba $480 lọ́dọ̀ dókítà eyín, kódà kí wọ́n yọ $700 yẹn, $440 ló kù lọ́wọ́ inṣọ́ránsì, ẹ ẹ́ sì rí $480 yín gbà, gbogbo ẹ̀ $920. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìwé dókítà jà á tí wọ́n yí ìpinnu padà, $480 nìkan ni wọ́n máa yọ, $660 ni inṣọ́ránsì máa san. Iṣẹ́ wákàtí 16 ò túmọ̀ sí pé ara yá, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá kọ ọ́ pé ẹ ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀sẹ̀ 130 bá sì kọjá, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí kò sì ṣe tó wákàtí 15 lọ́sẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ sábà máa ń dúró ni.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo farapa, ògá mi ní kò sí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, pé kí n kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bọ̀dá T., Newcastle, New South Wales.

ÌDÁHÙN: Ẹ má kọ nǹkan kan! Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ torí ìfarapa yẹn lé yín, ẹni tó bá sì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀, ògá ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ tí ara ẹ̀ gbà fún un tó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi lẹ́tà béèrè iṣẹ́ ọ̀hún, kí wọ́n fi lẹ́tà dá yín lóhùn.